Ẹ wá iṣẹ́ ìwádìí ná, kí ẹ tó wá sìkọ́láṣíìpù

Èmi ò gbà pé sìkọ́láṣíìpù ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé kọ́kọ́ máa wá. Iṣẹ́ ìwádìí ni. Ṣùgbọ́n orúkọ sìkọ́láṣíìpù ńláńlá ló ń wọ̀ wá lójú: Chevening, Fulbright, DAAD, Commonwealth. Fọ́ọ̀mù tá a bá ṣáà ti rí la ó kì mọ́lẹ̀, bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ wo Chevening ná. Oyè másítà ọlọ́dún kan ló wà fún, síbẹ̀ àwọn tó ń wá àyè ọ̀mọ̀wé ò yéé bi mí nípa rẹ̀.

Níbi púpọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa ń gba owó ìwádìí, tí á wá máa wá ẹni tí yóò bá a ṣe é. Ní Jámánì, iṣẹ́ olówó oṣù ni ọ̀pọ̀ irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ka ìpolówó rẹ̀ tán láìrí "scholarship" níbẹ̀ rárá, nítorí náà ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ yẹn nìkan wá a lórí Google ò ní í bá a pàdé.

Tó bá jẹ́ ìpolówó ìlú Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń kà lórí FindAPhD, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó àyè ọ̀mọ̀wé, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nínú àwọn kan, owó ti wà nílẹ̀. Nínú òmíràn, ẹ ó bá àwọn ẹlòmíì du owó náà. Òmíràn ń retí kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé owó tirẹ̀ wá, bó ti wù kí àkọlé rẹ̀ dùn tó. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé iye owó ilé-ìwé tí ọmọ onílùú ń san nìkan ni wọ́n ń san. Àlejò ni yóò wá ìyókù. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀: ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lẹ sábà máa ń kọ̀wé sí, oṣù Kejìlá sì ni gbèdéke ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ìmélì tí ẹ máa ń kọ sí ọ̀jọ̀gbọ́n ńkọ́? "Mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìtara, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ yín" kò sọ nǹkan kan. Ẹ ka iṣẹ́ ẹni náà, kí ẹ wá kọ irú èyí: "Nínú ìwádìí yín lórí iyọ̀ inú ilẹ̀ oko, ilẹ̀ iyanrìn lẹ lò. Ilẹ̀ amọ̀ ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, èsì tí mo rí sì yàtọ̀ díẹ̀." Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá rí ìyẹn á fẹ́ mọ ìyàtọ̀ náà.

Ti owó fọ́ọ̀mù ńkọ́? DAAD àti Chevening kì í gba kọ́bọ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun fi bá yín gbé e lọ, gbájúẹ̀ ni. Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ló sábà máa ń gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ètò láti yọ ọ́ fún ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká a. Ẹ kọ̀wé béèrè kí ẹ tó sanwó, torí wọn kì í sábà dá a padà.