Ẹ yéé ta ọ̀rọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á bí àwọn kan nínú, àmọ́ n ó sọ ọ́. Òǹkọ̀wé tó ń bá àwọn oníṣòwò kọ ìwé tí wọ́n fi ń tajà, tó sì ń gba owó lórí iye ọ̀rọ̀ tó kọ, ara rẹ̀ ló ń rẹ́ jẹ. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un náà kò jèrè níbẹ̀, bó tilẹ̀ ń rò pé òun rí ọjà pọ́ọ́kú.

Ìdí rẹ̀ ò le. Bí mo bá ń gbowó lórí iye ọ̀rọ̀, ohun tó ṣe àpò mi láǹfààní ni pé kí ìwé gùn. Ohun tó ṣe oníbàárà mi láǹfààní ni pé kí ẹni tó ń kà á tètè mọ ohun tí wọ́n ń tà, kó sì gbé fóònù. Àtìbẹ̀rẹ̀ la ti ń fa okùn náà síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ 800 tí mo gé kù sí 300, gígé yẹn gan-an niṣẹ́, ó sì nira ju kíkọ ti àkọ́kọ́ lọ. Ta ni yóò wá sanwó 500 tí mo jù nù?

Àwọn èèyàn rò pé èdè dídùn la ń tà. Mi ò sọ pé èdè ò ṣe pàtàkì o, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rere tí oníṣòwò nílò kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹnu rẹ̀ ló wà, òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀.

Ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe ní kí n bá òun tún ojú òpó òun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ. Ìlà àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀ kà báyìí: “A jẹ́ ògbóǹtarìgì ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè iṣẹ́ tó péye, tó sì ṣeé gbára lé, fún ìtẹ́lọ́rùn àwọn oníbàárà wa.” Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lókè, ẹ fi ti agbẹjọ́rò tàbí ti ẹni tó ń ta bàtà síbẹ̀, kò sí ohun tó máa yàtọ̀. Mo bi í pé ta ló pè é kẹ́yìn. Ó ní ìyá ọlọ́mọ kan ni. Kí ló ṣe ẹ̀rọ rẹ̀? Ó ní omi ò fà nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn ò ṣeé ṣí, aṣọ iléèwé àwọn ọmọ sì há sínú. Ìgbà wo lẹ débẹ̀? Ó ní kí ọjọ́ tó kanrí, pé òun kì í jẹ́ kí irú èyí di ọjọ́ kejì. Èló lẹ gbà? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kan ló dí ọ̀nà omi, àti pé bí òun ò bá pààrọ̀ nǹkan kan lára ẹ̀rọ, òun kì í gbà ju owó ìyẹ̀wò lọ.

Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì kọ ọ́ síbì kankan! Ohun tí a wá fi rọ́pò ìlà yẹn nìyí: “Ṣé ẹ̀rọ ìfọṣọ yín há aṣọ mọ́nú ni? Ẹ pè wá láàárọ̀, a ó ti débẹ̀ kí ọjọ́ tó kanrí. Bí a kò bá pààrọ̀ nǹkan kan, owó ìyẹ̀wò nìkan lẹ ó san.”

Ẹnikẹ́ni lè tẹ gbólóhùn wọ̀nyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí a bá fi iye ọ̀rọ̀ ṣírò wọn, owó tí yóò jáde ò tó nǹkan. Ìbéèrè ni mo tà fún ọkùnrin náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Mo tún ta etí fún un, torí ìgbà tó rẹ́rìn-ín yẹn ni mo mọ̀ pé a ti débi tí ọjà wà.

Nítorí náà, iṣẹ́ lódindi ni kí ẹ dá owó lé. Ojú òpó tuntun, iye báyìí. Ìtàn oníbàárà kan tó rí àǹfààní ọjà náà, iye báyìí. Àwọn ìwé àlàyé gígùn tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń pè ní white paper, èyí tí ẹ máa bá ẹni mẹ́rin márùn-ún sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ ìlà kan, kò yẹ kí owó rẹ̀ wà nítòsí ti lẹ́tà ìpolówó rárá, bí wọ́n tilẹ̀ gùn bákan náà.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ iye tó máa gbà? Ibí ni mo ti ń rí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ tó ń ṣìṣirò. Wọ́n á mú owó oṣù wọn àtijọ́, wọ́n á pín in sí wákàtí, wọ́n á ní iye táwọn máa gbà nìyẹn. Ká ní wákàtí 40 lẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Nínú rẹ̀ lẹ ó ti wá oníbàárà, tí ẹ ó dáhùn ímeèlì, tí ẹ ó kọ ìwé owó tí ẹ fi ń béèrè owó iṣẹ́, tí ẹ ó lé ẹni tí kò tíì san, tí ẹ ó ṣe ìṣirò owó orí. Bí 20 bá ṣẹ́ kù fún iṣẹ́ tí ẹnì kan ń sanwó fún, ẹ ṣe dáadáa. Ìyẹn nìkan ti sọ owó wákàtí kan di ìlọ́po méjì. Ẹ ò tíì ka ọjọ́ àìsàn, ọjọ́ ìsinmi, kọ̀ǹpútà tó máa bàjẹ́, íńtánẹ́ẹ̀tì, àti owó ìfẹ̀yìntì tí ọ̀gá yín ń bá yín fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ tí ẹ ò mọ̀ ọ́n lóore. Ẹni tó bá ń gba iye tó ń gbà gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ olówó oṣù, ìdajì owó ló ń gbà.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn ńkọ́? Ó yà mí lẹ́nu pé àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìwé kíkọ, àwa la kì í fẹ́ kọ ìwé àdéhùn. A máa ń rò pé bí a bá mú un jáde, oníbàárà á rò pé a ò fọkàn tán òun. Ní tèmi, oníbàárà tí ìwé àdéhùn ojú ewé kan lè lé lọ, kó máa lọ ní àlàáfíà.

Àwọn ìlú kan ti fi òfin gbè wá lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú New York ṣe òfin kan lọ́dún 2016, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún 2017: iṣẹ́ tó bá ti tó dọ́là 800 tí wọ́n gbé fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, dandan ni kó ní ìwé àdéhùn, bí wọn ò bá sì dá ọjọ́ owó, kí owó ti dé láàárín ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní tirẹ̀ láti 1998. Oníṣòwò tó jẹ oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ lówó tí kò san án lásìkò, wọ́n lè fi èlé lé e, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ní àfikún sí èlé tí Bank of England, báńkì àpapọ̀ wọn, bá gbé kalẹ̀. Mo mọ̀ pé a kì í sábà rí òǹkọ̀wé tó máa fi èlé lé oníbàárà tó tún fẹ́ rí lóṣù tó ń bọ̀. Síbẹ̀, ìlà kan ní ìsàlẹ̀ ìwé owó tó rán wọn létí pé òfin náà wà máa ń jẹ́ kí ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ìṣirò owó yá díẹ̀.

Àmọ́ òfin kankan ò ní ṣe ju àsansílẹ̀ lọ. Ẹ gba ìdajì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lè san ìdajì nígbà tó ṣì nílò yín, ṣé ìgbà tí ìwé bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán ni yóò rí odindi san?

Ohun kan wà tí mo ń fi sínú àdéhùn tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó rárá, tó sì ń gbà mí lọ́wọ́ wàhálà ju ohun gbogbo lọ: orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó máa sọ pé iṣẹ́ ti dára. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń ṣe sínú owó tí a jọ sọ, ẹni yẹn nìkan ló sì lè béèrè rẹ̀. Láìsí èyí, ọ̀gá á ní kí ẹ mú un le, ìyàwó ọ̀gá á ní kí ẹ mú un rọ̀, akọ̀wé owó á ní òun ò rí ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa ìdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́, nígbà tó bá sì di àtúnṣe kẹfà, ìwé náà á ti padà di “ògbóǹtarìgì ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè iṣẹ́ tó péye.”

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, ìyẹn ẹni tó ni ohun tí a kọ. Ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 1976, ohun tí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ bá kọ kì í dédé di ti ẹni tó gbéṣẹ́ fún un, àyàfi bí ìwé bá wà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Jonathan Tasini àti àwọn òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ fi borí ìwé ìròyìn New York Times nílé-ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́dún 2001, adájọ́ méje sí méjì, lórí àpilẹ̀kọ wọn tí wọ́n kó sínú àkójọ orí kọ̀ǹpútà láìgba àṣẹ. Ayọ̀ yẹn ò tọ́jọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ìròyìn kàn kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé gbogbo ẹ̀tọ́ di tàwọn pátápátá, ẹni tí kò bá fẹ́ kó má gbaṣẹ́. Àwa tí à ń bá oníṣòwò kọ̀wé, a kì í jà lórí ìyẹn. Kí ni mo fẹ́ fi ojú òpó ẹlẹ́rọ ìfọṣọ ṣe? Ṣùgbọ́n mo ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ tí owó bá pé ni ẹ̀tọ́ di tiwọn. Títí di ọjọ́ náà, èmi ni mo ni ìwé, ẹni tó bá sì ń lò ó láìtíì san mọ ohun tó ń ṣe.

Wọ́n á ní ẹ̀rọ ti gbaṣẹ́ wa báyìí, kí lẹ tún ń jà sí? Láti ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn kọ̀wé, ti jáde ní ìparí ọdún 2022, ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ 500 lórí “ìdí tí oníbàárà fi ṣe pàtàkì” kò nílò láti pe ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ yẹn ti lọ, mi ò sì sunkún rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń kà á tẹ́lẹ̀ náà. Àwọn tó kọlù jù lọ ni àwọn tó ń ta ọ̀rọ̀ lẹ́yọ, torí ẹ̀rọ ń kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tó dí ọ̀nà omi, ẹ̀rọ ò lè mọ̀ ọ́n bí ẹnì kan ò bá béèrè. Bí ẹ bá ti béèrè tán, ẹ lè jẹ́ kó bá yín tún gbólóhùn tò. Kò kàn mí.

Ìmọ̀ràn “ẹ mú ẹ̀ka kan ṣoṣo,” ìyẹn irú oníṣòwò kan ṣoṣo tí ẹ ó máa bá kọ̀wé, tí gbogbo èèyàn ń pín kiri, mi ò fara mọ́ ọn tán. Kí èèyàn tó ti gba iṣẹ́ bíi mélòó kan, ṣé ó mọ ẹ̀ka tó ń pa owó ni? Irú ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹni tó mọ lẹ́tà tó ń pe oníbàárà àtijọ́ padà kọ dáadáa lè kọ ọ́ fún dókítà eyín lónìí, kó kọ ọ́ fún ẹlẹ́rọ lọ́la. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju àìní ẹ̀ka lọ ni òǹkọ̀wé tí oníbàárà kan ṣoṣo ń gbé ju ìdajì owó rẹ̀ wá. Òṣìṣẹ́ nìyẹn, tí kò ní ìsinmi, tí wọ́n lè dá dúró pẹ̀lú ímeèlì ìlà méjì. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tí ẹ ti bá ṣiṣẹ́ rí, ẹ bi wọ́n bí ojú òpó yẹn ṣe ń ṣe sí. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn tó ti mọ̀ yín tẹ́lẹ̀ tí wọ́n kàn gbàgbé pé ẹ wà.

Èyí tí wọ́n ń bi mí jù ni ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún oníbàárà tó ní owó náà ti wọ́n jù. Ẹ má gé owó. Ẹni tí ẹ bá dín in fún láìyọ nǹkan kan kúrò yóò gbà pé ẹ ti fẹ́ yàn án jẹ tẹ́lẹ̀ ni. Iṣẹ́ ni kí ẹ gé. Ẹ sọ fún un pé: “Owó yín ò ká ojú ewé mẹ́fà? Kò burú, ẹ jẹ́ ká ṣe ti àkọ́kọ́ àti èyí tí iye owó wà lára rẹ̀, nítorí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń pinnu. A ó ṣe ìyókù nígbà tí ọjà bá ti ń yá.” Ọ̀pọ̀ máa gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá tún gba ìyẹn, tó ní odindi lòun fẹ́ ní ìdajì owó, ẹ kí i dáadáa, ẹ pààrọ̀ orúkọ tó wà lórí ìwé àdéhùn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn.