Dírọ́ònù tó fò dáadáa ní láàbù kò tíì fò ní igbó Bùnú

Ẹ̀yin ará Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, èrò ọkàn mi rèé. Bí àwọn ajínigbé bá ti ṣọṣẹ́ lọ́nà wa báyìí, ariwo tó ń sọ ni pé kí ìjọba ra dírọ́ònù, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, láti fi ṣọ́ igbó. Èmi náà fẹ́ ẹ. Àmọ́ ibo ni wọ́n ti dán an wò?

Òṣùwọ̀n onípele 9 kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí ohun èlò tuntun ṣe ṣetán fún iṣẹ́ tó. Ọ̀dọ̀ NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ló ti wá, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ológun ń lò. Ìpele 6, ohun èlò ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ṣe kó jọ ojú ogun. Ìpele 7, ó ti dé ojú iṣẹ́ gan-an. Àárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ wọn ń kú sí: owó ìwádìí ti tán, owó ìrajà kò tíì jáde.

Ẹ mú kámẹ́rà tó ń fi ooru ara ṣọ́ ènìyàn. Nínú yàrá tútù, ènìyàn á mọ́lẹ̀ roro nínú rẹ̀. Gbé e wá sórí àpáta Kàbbà ní aago 2 ọ̀sán, àpáta tó ti ń yáná oòrùn látàárọ̀ ti gbóná tó awọ ara, tàbí kó jù ú lọ. Ènìyàn dúró síbẹ̀, kámẹ́rà ò rí i. Ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ló dára jù. Lábẹ́ igi Bùnú tó ṣú, kódà ìdájí kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́, ewé ń dí ooru náà.

Òkè tún ń gé rédíò tí wọ́n fi ń darí dírọ́ònù láti ilẹ̀. Bó bá gé, dírọ́ònù á padà sílé fúnra rẹ̀ ní gíga tí wọ́n ti yàn fún un. Mítà 30 ni wọ́n yàn, òkè iwájú ga tó 100: ara òkè ló máa fọ́ sí.

Bátìrì wá ńkọ́? Olójú 6 (sẹ́ẹ̀lì 6) tó kún, fóòtì (volt) 25.2 ni agbára iná rẹ̀. Fi í sílẹ̀ ní kíkún fún ọ̀sẹ̀ kan nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, kó máa wú ló kù. Fóòtì 22.8 ló yẹ kí wọ́n fi pamọ́. Ta ló kọ́ sójà tó wà ní ẹnu iṣẹ́ ní èyí?

Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n kó 3 wá ná kí wọ́n tó ra 30. Kí sójà tí yóò lò ó fúnra rẹ̀ fò ó, nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò, kí ọdẹ tó mọ igbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí owó abẹ̀bẹ̀ tó ń gbé e fò, bátìrì àti alátùn-únṣe wà nínú ìwé àdéhùn láti ọjọ́ kìíní. Ẹni tó bá wá tajà, ẹ bi í: orí òkè wo lo ti fò ó, oṣù wo, aago mélòó?