Ọkọ̀ Kan, Kápítéènì Mẹ́tàlá

Mo kà wọ́n. Mo tún wọn kà. Èèyàn mẹ́tàlá, fìlà mẹ́tàlá. Fìlà kápítéènì ni o, èyí funfun tó ní etí dúdú níwájú, tí okùn wúrà yí i ká, tí wọ́n fi òwú kọ ìdákọ̀ró sí iwájú rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Bí Sátidé bá ti mọ́, èbúté Fálòmọ́ á kàn funfun báláú, bí ìgbà tí lékeléke bà sórí ààtàn.

Èmi jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ mi, mo ń dúró de ọkọ̀ Ìkòròdú, mo gbé àpò sórí itan. Ọlọ́jọ́ ìbí dé fìlà. Ọkọ rẹ̀ dé fìlà. Ayàwòrán dé fìlà, ó yí etí rẹ̀ sẹ́yìn kó má bàa dí kámẹ́rà lójú. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n pọ̀n dé fìlà, fìlà náà sì bò ó mọ́lẹ̀ débi pé imú nìkan ló kù níta. Kéèkì pàápàá dé fìlà, ṣúgà ni wọ́n fi mọ ọ́n. Bí a bá ka ti kéèkì mọ́ ọn, ó di mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo ń ṣe àsọdùn. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò dé nǹkan kan ni ọmọkùnrin Ìlàjẹ tó dúró nídìí ẹ́ńjìnnì, tó wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù tí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí kúrò. Òun ló sì máa wa ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọlá fún ẹni tí ọlá yẹ. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ọkọ̀ tó ga bí ilé alájà mẹ́wàá á kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, á máa gbé wọn kiri àwọn erékùṣù Gíríìkì, kápítéènì kan péré ni gbogbo wọn á sì gbójú lé. Ẹ wo irú ìyà bẹ́ẹ̀! Tiwa, ọkọ̀ fáíbà tí kò gùn ju mọ́tò méjì lọ, kápítéènì mẹ́tàlá ló ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá rì, kò ní jẹ́ ti àìsí olórí.

Ọkọ̀ ò tíì jìnnà tó ìsọ̀kò òkúta kan tí afẹ́fẹ́ fi ṣí fìlà kan. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ò mọ kápítéènì. Kíá, gbogbo wọn fi ọwọ́ òsì di fìlà mú, fóònù sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kò wá sí ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni máa fi di ọkọ̀ mú. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀. Ọkọ̀ yí padà. Wọ́n gbá tẹ̀ lé fìlà. Fìlà ń fò lórí omi bí àkèré, ó wọ àárín koríko ojú omi, wọ́n wọ̀ ọ́ tẹ̀ lé e. "Apá òsì!" "Rárá o, apá ọ̀tún!" "Bọ̀dá, ẹ rọra, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!" Mẹ́tàlá ń pàṣẹ, ẹnì kan ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ìlàjẹ yìí fi ọ̀pá gbé e, ó ń ro tótótó. Ẹni tó ni ín gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yínmú, ó ní òun ò dé e mọ́. Mi ò dá a lẹ́bi, mo mọ omi Fálòmọ́. Ni awakọ̀ bá ju fìlà náà sí ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kan lórí èbúté, ó sì ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Orí kan wá ṣófo nínú ọkọ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti fa òmíràn yọ láti inú báàgì. Wọ́n mú àfikún lọ́wọ́! Jákẹ́ẹ̀tì tó ń mú èèyàn léfòó, wọn ò mú àfikún ìyẹn. Ti fìlà ni wọ́n mú.

Etíkun Tarkwa Bay ni wọ́n ń lọ, níbi tí àwọn ológun ojú omi ti lé àwọn ará ibẹ̀ kúrò nílé wọn ní Oṣù Kìíní ọdún 2020. Àwọn yẹn ń gba orí omi lọ sílé. Ẹni tó ń gba orí omi lọ ya fọ́tò ni à ń kí káàbọ̀.

Kí wọ́n tó débẹ̀, Marínà á wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Èkó àrómisá-lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ gan-an nìyẹn. Orí omi yìí náà ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà ní Oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n yin ìbọn ńlá lu ìlú títí iná fi sọ, tí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá kúrò, tó padà lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn kápítéènì wa á kọjá níwájú gbogbo èyí, wọ́n á kẹ̀yìn sí i. Kì í ṣe àrífín o. Bí èèyàn ò bá kẹ̀yìn sí ìlú, báwo ni ìlú á ṣe hàn nínú sẹ́lífì?

Ìdí tí ọ̀rọ̀ Kòsọ́kọ́ fi dùn mí nìyí: Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni ilé baba mi. Àwọn tó bá ọba sá ló bí wa. Orí omi la gbà débẹ̀, mi ò sì tíì gbọ́ ọ nínú ìtàn kankan pé ẹnì kan rántí fìlà.

Ìyá tó bí bàbá mi, ọjà Èjìnrìn ló ń ná. Èjìnrìn ìgbà yẹn, ẹ má wo ti ìsinsìnyí. Àwọn Ìjẹ̀bú á ru ẹrù wá láti orí ilẹ̀, ọkọ̀ àjẹ̀ àti lọ́ńṣì á ti Èkó wá, èèyàn á kún etí ọ̀sà bí eṣú. Ìyá àgbà á jókòó sáàárín àpò àgbàdo àti agbọ̀n ẹja, á ká ẹsẹ̀ kò, kò ní mira, torí ẹni tó bá mira á da gbogbo ilé nù sómi. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, á ké pe Ọlọ́sà. Wọ́n ní ó lè tọ́ omi wò lórí ahọ́n kó sọ bóyá iyọ̀ òkun ti wọ ọ̀sà. Gèlè ló máa ń wé, ọkọ̀ bá sì ti gúnlẹ̀, á tú u, á ká a ní òṣùká, á gbé ẹrù lé e. Kí Afárá Carter tó so Ìddó mọ́ Èkó ní 1901, omi náà ni gbogbo wa ń gbà. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìgbafẹ́.

Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá mi kan ló bà á jẹ́. Mo wà lọ́mọ ọdún méje nígbà tó gbé mi sọ sómi láti orí èbúté, ó ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ kì í kọ́ omi, omi ló ń kọ́ ọ. Mo mu ọ̀sà tó garawa kan. Nígbà tí wọ́n fà mí jáde, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sọ mí ní Ẹja Gbígbẹ. Orúkọ náà ò kúrò lára mi mọ́. Níbi ìsìnkú àbúrò bàbá mi yìí gan-an, ẹnì kan fi pè mí lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé kí n wá náwó. Torí náà, bí ohùn mi bá kan díẹ̀, ẹ mọ ibi tó ti ń wá.

Ní Àjíǹde tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ìwé ìpè ránṣẹ́. "Ańkù, ẹ gbọ́dọ̀ bá wa lọ o! Àgbádárìgì ni, orí omi la máa gbà." ₦85,000 lórí èèyàn kan, fìlà ti wà nínú ẹ̀. Mo ní jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ó ní, "Ó wà, Ańkù, àmọ́ ó máa ń ba aṣọ jẹ́ nínú fọ́tò. Tá a bá ti kúrò lẹ́nu èbúté, a máa ń bọ́ ọ." Ẹja Gbígbẹ jókòó sílé.

Ṣùgbọ́n fọ́tò dé. Mo kọ́kọ́ bá wọn yọ̀, kí n má purọ́. Wọ́n dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn oníwàásù kọ́ parí ní 1845: fìlà. Wọ́n dé ibi tí igi àgíà wà tẹ́lẹ̀, níbi tí àlùfáà òyìnbó tó ń jẹ́ Freeman ti wàásù Kérésìmesì ní 1842: fìlà. Wọ́n wọkọ̀ sọdá sí Gbẹ̀réfù, wọ́n rin orí iyanrìn gbígbóná yẹn, wọ́n dé ìdí kànga tí wọ́n ní àwọn ẹrú ń mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé: fìlà, pẹ̀lú ìka méjì lókè. Wọ́n wá dé etí òkun, ibi àlọ-ì-bọ̀. Fìlà mẹ́sàn-án. Wọ́n tò, wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí bí ológun, wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Àwa kápítéènì."

Ẹ dúró ná. Ta ló ń jẹ́ kápítéènì ní etíkun yẹn? Ṣé ẹni tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè lọ́rùn ni? Ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú ni! Òun ló gúnlẹ̀ sójú omi tó ń dúró, òun ló ń kà wọ́n bí ẹni ń ka iṣu, òun ló ń ju òkú wọn sí òkun. Ẹ rin ọ̀nà tí àwọn ìyá yín rìn, ẹ dé òpin rẹ̀, nínú gbogbo ẹni tó tẹ iyanrìn yẹn rí, ẹni tó rà wọ́n lẹ yàn láti fara wé! Ojú ò tì yín? Yunifásítì ni gbogbo yín lọ! Ta ló tan yín jẹ? Ẹ sì sanwó sí i, ₦85,000!

Àjàyí ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ayé padà mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Èkó, ó ní omi náà bà òun lẹ́rù gidigidi, òun ò rí irú rẹ̀ rí. Lọ́dún kejì wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá ka ibẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹbí ni wá. Àwa méjèèjì la bẹ̀rù omi, òun nìkan ló ní ìdí gidi.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ojú ìwé kan gbáko. Ó fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín mẹ́ta fèsì, ó ní, "Ańkù wa, ẹ̀yin náà ẹ wá jayé." Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti pààrọ̀ fọ́tò tó wà lójú WhatsApp rẹ̀. Fìlà náà ni, ó kàn yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọkọ̀ Ìkòròdú dé. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì, mo so okùn rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tún fa ti ọkùnrin tó jókòó tì mí wò bóyá ó le, ó ní, "Alàgbà, ẹ fi mí sílẹ̀." Nígbà tá a jáde sí gbangba ọ̀sà, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n omi wọlé. Awakọ̀ kígbe pé kí wọ́n gbọ́n ọn. Ọmọ ìdí ọkọ̀ wá agolo títí, kò rí i. Ó nawọ́ sábẹ́ ìjókòó, ó fa fìlà kápítéènì yọ, tòní yẹn gan-an, okùn wúrà rẹ̀ ti ń tú. Ó fi bu omi, ó dà á nù, ó tún bu ú. Kò jò rárá. Nígbà tó rí i pé mo ń wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Dádì, ó ń gba omi ju agolo lọ."