Ajubọ́ọ̀lù ni Shahid Afridi

Bí a bá dárúkọ Shahid Afridi láàárín àwọn tó fẹ́ràn kíríkẹ́ẹ̀tì, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ọkùnrin tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù lọ sáàárín èrò ìwòran. "Boom Boom" ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé ọ̀pọ̀ ló gbà pé tìtorí bọ́ọ̀lù gbígbá ni wọ́n ṣe mú un sínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Pàkísítánì, àti pé bọ́ọ̀lù jíjù kàn jẹ́ àfikún tó ń ṣe nígbà tó bá ti rẹ àwọn ajubọ́ọ̀lù gidi, ìyẹn àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sí agbábọ́ọ̀lù láti lé e kúrò lórí pápá. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ajubọ́ọ̀lù ni Afridi. Bọ́ọ̀lù gbígbá ni àfikún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àfikún náà ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, ní ìlú Nairobi ní Kẹ́ńyà, Pàkísítánì pàdé Siri Láńkà tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún yẹn kan náà, Afridi sì fi bọ́ọ̀lù 37 péré gba ọgọ́rùn-ún àmì, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí nínú ìdíje ọlọ́jọ́ kan. Ìgbà 11 ni bọ́ọ̀lù tó gbá fò kọjá ààlà pápá láì kanlẹ̀. Ó lé ní ọdún 17 kí Corey Anderson ti New Zealand tó fi bọ́ọ̀lù 36 borí rẹ̀, ní ọjọ́ kìíní ọdún 2014. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà kì í gbàgbé pé igi Sachin Tendulkar, agbábọ́ọ̀lù Íńdíà, tó wà lọ́wọ́ Waqar Younis, ajubọ́ọ̀lù Pàkísítánì, nígbà náà, ni Afridi lò, wọn kì í sì í gbàgbé pé ọmọ ọdún 16 ni (Afridi fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 2019 pé ọdún 1975 ni wọ́n bí òun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á fi ti ọmọ ọdún 16 sílẹ̀). Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni ìdí tó fi wà ní Nairobi rárá. Mushtaq Ahmed, ajubọ́ọ̀lù tó máa ń fi ọrùn ọwọ́ yí bọ́ọ̀lù, ló fara pa, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Afridi láti rọ́pò rẹ̀ nítorí pé irú bọ́ọ̀lù kan náà ni òun náà ń jù. Nínú ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n bá Kẹ́ńyà ṣe ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kò tilẹ̀ kàn án láti gbá bọ́ọ̀lù.

Iye ìdíje ọlọ́jọ́ kan tó kópa nínú rẹ̀ títí di 2015 jẹ́ 398. Ìgbà 369 ló jáde láti gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ló gba ọgọ́rùn-ún àmì, ìpíndọ́gba àmì rẹ̀ sì jẹ́ 23.57. Agbábọ́ọ̀lù tí kò ní iṣẹ́ mìíràn, tí irú ìpíndọ́gba yìí sì jẹ́ tirẹ̀, kò lè pẹ́ nínú ẹgbẹ́ Pàkísítánì, ká má tilẹ̀ sọ pé yóò lo ọdún 18. Ní ti bọ́ọ̀lù jíjù, agbábọ́ọ̀lù 395 ló lé kúrò lórí pápá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì kan nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo ọmọ Pàkísítánì, Wasim Akram tó ní 502 àti Waqar Younis tó ní 416 nìkan ló ṣáájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí kò sí ẹni tó ń pè ní ohun mìíràn ju ajubọ́ọ̀lù lọ.

Ọ̀nà tó ń gbà ju bọ́ọ̀lù wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ènìyàn fojú kéré iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ju bọ́ọ̀lù sókè kó máa yí roboto bíi ti Shane Warne, ajubọ́ọ̀lù Ọsirélíà. Ó máa ń sáré yára wá, bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń lọ tààrà, ó sì lè dédé ju òmíràn tó yára bíi ti àwọn tó ń sáré láti ọ̀nà jíjìn. Kò dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń há agbábọ́ọ̀lù mọ́: nínú bọ́ọ̀lù mẹ́fà mẹ́fà tó bá jù, àmì 4.62 ni ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n ń rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gbà pé ìdíje Test, irú kíríkẹ́ẹ̀tì tó lè gba ọjọ́ márùn-ún, dojú ọ̀rọ̀ mi rú díẹ̀. Nínú Test rẹ̀ àkọ́kọ́, ní Karachi ní 1998, ó lé ará Ọsirélíà márùn-ún jáde, àmì 52 péré sì ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú Test 27 tó kópa nínú rẹ̀, ìpíndọ́gba bọ́ọ̀lù gbígbá rẹ̀ gòkè dé 36.51, ó sì gba 141 ní Chennai ní 1999. Ibi tí àwọn ènìyàn rò pé kò lè gbá bọ́ọ̀lù ló ti gbá a dáadáa jù.

Nínú ìdíje àgbáyé ńkọ́? Ní 2007, òun ni wọ́n fi ṣe ẹni tó tayọ jù nínú ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ti T20, irú kíríkẹ́ẹ̀tì tó kúrú jù ìdíje ọlọ́jọ́ kan lọ. Ẹni 12 ló lé jáde níbẹ̀, nígbà tí àmì tó gbà kò tó ọgọ́rùn-ún. Ní 2011, nígbà tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́, òun àti Zaheer Khan ti Íńdíà ló jọ lé ènìyàn jáde jù nínú ife ẹ̀yẹ àgbáyé, ẹni 21 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ yóò rán mi létí àṣekágbá T20 ti 2009 ní Lord's, níbi tó ti gba 54 láì jáde, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù 40 ló lò fún un, pẹ̀lú sùúrù tí kò jọ ti "Boom Boom" rárá.

Ní oṣù Kẹfà 2013, wọn kò mú un lọ sí ìdíje Champions Trophy. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá a padà sínú ẹgbẹ́ tó lọ bá West Indies ṣe ìdíje ní Guyana. Ó gba 76 nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú wàhálà, lẹ́yìn náà ló lé ẹni méje jáde fún àmì 12, West Indies sì parí sí 98. Chaminda Vaas ti Siri Láńkà nìkan ló ti ju bọ́ọ̀lù dáadáa ju ìyẹn lọ nínú ìdíje ọlọ́jọ́ kan títí di ọjọ́ náà.