Ta Ni Wọ́n Jà Lólè Gan-an?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, Lance Armstrong, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tó fi oògùn agbára borí, gbà láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà kí ẹjọ́ tó wà láàárín wọn lórí ọ̀rọ̀ náà lè parí. Àwọn tó fẹ́ràn eré ìje kẹ̀kẹ́ bíi tèmi ń pín ìròyìn náà kiri pé ọwọ́ òfin ti tó o. Inú tèmi ò dùn, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ ìdí tí kò fi dùn. Ìdí yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Nígbà tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kan bá fi oògùn agbára borí, ta ni ó jà lólè?

Ẹ wo àwọn ẹjọ́ tó ti délé ẹjọ́ láti ọdún 1998, ìdáhùn tí kóòtù sábà máa ń fún wa ni pé ẹni tó sanwó ni wọ́n jà lólè. Ilé-iṣẹ́ onígbọ̀wọ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ọ̀gá ẹgbẹ́, ìjọba. Mi ò sọ pé kí wọ́n má gba owó wọn padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn olè yìí ńkọ́? Ẹni tí kò gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́, tó ṣe ipò ogún níbi tó ti yẹ kó ṣe ipò karùn-ún, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ fún un ní ìparí ọdún pé àwọn ò ní tún ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe mọ́? Ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ẹjọ́, ẹ ò ní rí i.

Kì í ṣe ẹni orí àròsọ ni mò ń sọ. Christophe Bassons, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà nínú ẹgbẹ́ Festina nígbà tí àṣírí tú ní 1998 pé wọ́n ń lo oògùn agbára. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn ló sọ fún ọlọ́pàá pé Bassons kì í lo oògùn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn, ó ń gun Tour de France, eré ìje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, ó sì ń kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn pé bí eré náà ṣe ń yára tó kọ òun lóminú. Armstrong gun kẹ̀kẹ́ lọ bá a láàárín ọ̀nà, ó sọ fún un pé kó máa lọ sílé. Àwọn yòókù ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bassons kúrò nínú eré náà kó tó parí. Nígbà tó di 2001, ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá.

Ẹjọ́ Festina dé kóòtù ní ìlú Lille ní 2000. Ta ni ọwọ́ òfin tẹ̀? Willy Voet, ẹni tó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ àwọn eléré, tí àwọn aṣọ́bodè mú ní ààlà Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù pẹ̀lú ọkọ̀ tó kún fún EPO, oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ gbé atẹ́gùn púpọ̀ sí i, àti àwọn oògùn mìíràn. Òun àti ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, Bruno Roussel, wà lára àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi: ẹ̀wọ̀n oṣù 10 fún Voet, ọdún kan fún Roussel, pẹ̀lú àdéhùn pé wọn ò ní wọ ẹ̀wọ̀n náà bí wọn ò bá tún dẹ́ṣẹ̀. Richard Virenque, olórí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ wọn, ti fi ọdún méjì gbáko sẹ́ pé òun ò lo nǹkan kan. Iwájú adájọ́ ló ti wá jẹ́wọ́, wọ́n sì dá a sílẹ̀, torí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó mú kí àwọn mìíràn lo oògùn, kì í ṣe pé òun fúnra rẹ̀ lò ó. Ó padà sórí kẹ̀kẹ́, ó tún gba ẹ̀wù ọba orí òkè, ti ẹni tó mọ òkè gùn jù, nínú Tour lẹ́yìn náà. Bassons ti ń wá iṣẹ́ mìíràn ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ Armstrong, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù.

Mo wà lára àwọn tó gbà á gbọ́. Ọkùnrin tó bọ́ lọ́wọ́ àrùn jẹjẹrẹ, tó wá gba Tour de France lẹ́ẹ̀méje léra wọn, láti 1999 dé 2005, ta ni kò ní wù láti gbà á gbọ́? Ní 2012 ni USADA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn agbára ní Amẹ́ríkà, kó ẹ̀rí jáde, títí kan ẹ̀rí àwọn tí wọ́n jọ gun kẹ̀kẹ́ nínú ẹgbẹ́ kan náà. Wọ́n gba gbogbo ife méjèèje lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, ó jẹ́wọ́ lórí ètò Oprah Winfrey. Àtìgbà yẹn ni àwọn tó ń bínú sí i ti ń tò síwájú kóòtù.

Ṣùgbọ́n àwa tó ń wo eré náà máa ń gbàgbé pé Armstrong ló kọ́kọ́ mọ ọ̀nà kóòtù. Nígbà tí ìwé ìròyìn Sunday Times ti ìlú London kọ ọ́ ní 2004 pé ó ṣeé ṣe kó máa lo oògùn, ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀, ẹ̀rí tó lè dúró níwájú adájọ́ sì ṣòroó rí nígbà yẹn. Ní 2006, ìwé ìròyìn náà san 300,000 pọ́n-ùn fún un. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké: mi ò tíì rí ibi tí òwe yìí ti ṣẹ báyìí rí.

Emma O'Reilly, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ àwọn eléré nínú ẹgbẹ́ Armstrong, sọ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí. Armstrong gbé òun náà lọ sí kóòtù. Òṣìṣẹ́ lásán tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, tí lọ́yà olówó ńlá ń lé kiri! SCA, ilé-iṣẹ́ tó ṣèlérí owó ẹ̀bùn bí Armstrong bá gba Tour 2004, gbọ́ àhesọ, wọ́n sì ní àwọn ò ní san mílíọ̀nù 5 dọ́là náà. Ó pè wọ́n síwájú àwọn onílàjà. Ní 2005, ó fi ìbúra sọ pé òun ò lo oògùn agbára rí. Wọ́n san mílíọ̀nù 7.5 dọ́là fún un ní 2006.

Ẹ wò ó bí irọ́ ṣe ń fi òfin ṣe idà. Kóòtù kan náà tí a wá ń yìn lẹ́yìn 2013 ni Armstrong ti fi ń pa òótọ́ lẹ́nu mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ayé yí padà lóòótọ́. Ní 2015, àwọn onílàjà ní kí Armstrong san mílíọ̀nù 10 dọ́là fún SCA, torí irọ́ tó pa pẹ̀lú ìbúra. Sunday Times àti òun yanjú tiwọn. Ìjọba Amẹ́ríkà sì wọ inú ẹjọ́ tí Floyd Landis ti pè ní 2010. Landis yìí jọ gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú Armstrong rí, òun náà sì ti pàdánù ife Tour 2006 nítorí oògùn. Ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba ló ń gbọ̀wọ́ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ti ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 32 dọ́là lé wọn lórí. Òfin tí wọ́n lò sọ pé ẹni tó bá fi irọ́ gba owó ìjọba lè san án ní ìlọ́po mẹ́ta, ó sì máa ń fún ẹni tó tú àṣírí ní ìpín tirẹ̀. Ohun tó lè súnmọ́ mílíọ̀nù 100 wá di mílíọ̀nù 5. Landis gba mílíọ̀nù 1.1 nínú rẹ̀.

Mi ò bínú sí Landis. Kì í ṣe ohun tó rọrùn láti tú àṣírí, òun náà sì ti jẹ ìyà tirẹ̀: àwọn èèyàn ti dáwó fún un kó fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ń sẹ́, ó sì gbà ní 2012 pé òun máa dá iye tó lé ní 478,000 dọ́là padà fún wọn. Ìyẹn ni ẹjọ́ tó tẹ́ mi lọ́rùn jù nínú gbogbo rẹ̀, torí owó náà padà sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n tàn jẹ gan-an, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀.

Ẹ wá fi wé Filippo Simeoni. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ọmọ Ítálì ni, ó ti lo oògùn rí, ó jẹ́wọ́, wọ́n fìyà jẹ ẹ́, ó sì jẹ́rìí ta ko Dókítà Michele Ferrari, ẹni tí Armstrong ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú Tour 2004, ó sáré lọ bá àwọn kan tó ti já síwájú. Armstrong, pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí ẹni tó ń ṣíwájú eré náà máa ń wọ̀ lọ́rùn, fúnra rẹ̀ lé e bá. Àwọn tó wà níwájú mọ̀ pé àwọn ò lè rí ọ̀nà lọ bí ọ̀gá bá wà láàárín àwọn, ni wọ́n bá bẹ Simeoni pé kó padà. Ó padà. Armstrong wá fi ọwọ́ fa ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni ń fa síìpù, níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n. Mo rí i lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ni mo rín, torí mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní pé mo rẹ́rìn-ín.

Èló ni kóòtù lè fi díwọ̀n ohun tí wọ́n ṣe fún Simeoni lórí ọ̀nà yẹn?

Ní Sípéènì, òfin ò tilẹ̀ mọ ibi tó máa gbà mú ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù karùn-ún 2006, ọlọ́pàá wọ ilé tí Dókítà Eufemiano Fuentes ń lò ní Madrid, wọ́n bá àpò ẹ̀jẹ̀ tó lé ní 200, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń dá padà sára àwọn eléré kí wọ́n lè lágbára sí i. Lílo oògùn agbára kò tíì di ẹ̀sùn ọ̀daràn níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀sùn tí wọ́n wá rí lò ni pé ó fi ìlera àwọn èèyàn wewu. Ìyẹn ni pé ohun tí ilé ẹjọ́ ń wá ni bóyá wọ́n tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà dáadáa kó má bàa pa ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó ń fi rẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Ní 2013, wọ́n dá Fuentes lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ọdún kan tí kò ní lọ, adájọ́ sì ní kí wọ́n da ẹ̀jẹ̀ náà nù. Ní 2016, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá a sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ náà fún àwọn àjọ eré ìdárayá. Ọdún mẹ́wàá ti kọjá. Gbèdéke tí àjọ lè fi fìyà jẹ ẹnikẹ́ni ti lọ.

Ní Jámánì, Stefan Schumacher, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó lo oògùn, jẹ́jọ́ ní Stuttgart pé ó lu ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní jìbìtì owó oṣù. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2013, torí kò dá adájọ́ lójú pé ọ̀gá náà kò mọ̀ nípa oògùn náà ní ti tòótọ́. Ìdájọ́ yẹn tọ̀nà lójú mi. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí ọ̀gá bá lè mọ̀, kò yẹ kó máa pe ara rẹ̀ ní ẹni tí wọ́n tàn. Ṣùgbọ́n ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dáwọ́ dúró síbẹ̀? Nígbà tí ọ̀gá kò ti ṣeé kà sí ẹni tí wọ́n jà lólè, ó wá dà bí ẹni pé wọn ò ja ẹnikẹ́ni lólè.

Jámánì tún òfin ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ní ìparí 2015, lílo oògùn agbára sì di ẹ̀sùn ọ̀daràn. Ní oṣù kìíní 2021, kóòtù ní Munich fi Mark Schmidt, dókítà ìlú Erfurt tó ń pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ àtàwọn tó ń sáré lórí yìnyín, sẹ́wọ̀n ọdún 4 àti oṣù 10. Ẹ̀wọ̀n gidi. Inú mi dùn sí èyí, torí ìgbà tó pọ̀ jù, dókítà máa ń lọ sílé, ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàlélógún tó fún lábẹ́rẹ́ ló máa ń sunkún níwájú àwọn oníròyìn.

Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa ju ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ sẹ́wọ̀n. Mo rántí Marco Pantani, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tí kóòtù dá lẹ́bi ní Ítálì lórí ọ̀rọ̀ oògùn agbára, tí kòtẹ́milọ́rùn sì dá a sílẹ̀ lẹ́yìn náà, tó sì kú ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan ní Rimini ní oṣù kejì 2004. Ẹni ọdún 34 ni. Ìyà ti tó ìyà.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ẹni tó fi oògùn borí kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó bá a díje, kó tó kan onígbọ̀wọ́ tó ti fi orúkọ rẹ̀ polówó ọjà fún ọdún gbọọrọ. Mo sì fẹ́ kí ẹni tí wọ́n fi ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ pa lẹ́nu mọ́ ní ẹ̀tọ́ láti tún ẹjọ́ náà ṣí lọ́jọ́ tí òótọ́ bá jáde, kí ìjọba sì san owó lọ́yà rẹ̀. Sunday Times lówó láti padà sí kóòtù. Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló ní in.

Ẹnì kan bi mí nígbà kan pé báwo la ṣe máa mọ ẹni tó mọ́, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kan tó lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ìgbà yẹn. Ìbéèrè gidi ni. Òun náà ló fà á tí UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, fi ipò kìíní sílẹ̀ lófìfo nínú Tour méje yẹn, torí àbàwọ́n wà lára ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé Armstrong náà. A ò lè mọ gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n a mọ Bassons. Àwọn tó ń lo oògùn ló jẹ́rìí fún un, wọ́n sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí adájọ́ kan pè wọlé lọ́jọ́ kan, kó fún un ní àga, kó sì bi í pé: èló lo pàdánù?