Ta ni wọ́n bi? Ọ̀rọ̀ ìwádìí lórí àwọn ajínigbé di àríyànjiyàn láàárín àwa ọmọ Èkìtì

Ọmọ Ìkọ̀lé: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ní oṣù Kejìlá 2024, NBS, àjọ tó ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣe ìṣirò, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní láàárín oṣù Karùn-ún 2023 sí oṣù Kẹrin 2024, owó ìtúsílẹ̀ táwọn èèyàn san fún ajínigbé lé ní tírílíọ̀nù méjì náírà. Inú ọdún yẹn náà ni wọ́n pa ọba wa méjì, Onímòjò àti Ẹlẹ́sùn, lójú ọ̀nà (29 oṣù Kìíní 2024), tí wọ́n sì kó àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ wọn l'Émùré lọ́jọ́ kan náà. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni nílé wa. Ta gan-an ni wọ́n bi?

Tíṣà Fẹ̀yìntì: Ọmọ mi, ta ló da odindi àpò gàárì sílẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó kan? Ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó. Àwọn Afrobarometer tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí káàkiri Áfíríkà, ilé tí wọ́n máa wọ̀, kèké ni wọ́n fi ń mú un, kì í ṣe ojú. Bí wọ́n bá bi ọkùnrin nílé yìí, obìnrin ni wọ́n á bi nílé tó kàn.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Ọjà Ọba: Tíṣà, ẹ máa wò ó, èmi ni mò ń tajà. Èyí tó dára la máa ń kó sókè àpò 😂

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo mọ̀. Ọmọkùnrin kan wá sí abà àbúrò mi pẹ̀lú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ lọ́wọ́, ó ní ìwádìí lòun ń ṣe. Wọ́n ti gbé ọmọ àbúrò mi rí, oko kòkó ló tà kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ọmọkùnrin yìí bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ san owó? Èló ni?" Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ kò sí ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ bàtà àlejò. Ohun tí àbúrò mi ń wò nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "A ò san kọ́bọ̀." Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé kó sọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí pé ilé òun lówó ti máa ń jáde?

Ọmọ Ìkọ̀lé: Ha! Á jẹ́ pé owó tí NBS kà, kò tiẹ̀ tó iye tó jẹ́ gan-an nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó: Ti ẹ̀rù yẹn ni kí ẹ wò dáadáa. L'Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó fi bàálù wó ilé alájà gogoro ní oṣù Kẹsàn-án 2001, bí ìdajì àwọn aráàlú ló ń sọ fún Gallup, iléeṣẹ́ tó ń wádìí èrò aráàlú, pé Bush, ààrẹ wọn, ń ṣe dáadáa. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ló ṣe láàárín ọjọ́ mélòó kan? Jìnnìjìnnì ló ń dáhùn. Àmọ́ ní Sípéènì, bọ́ǹbù bú gbàmù nínú ọkọ̀ ojú irin ní Madrid, 11 oṣù Kẹta 2004. Ìjọba tẹnu mọ́ ọn pé ETA, ẹgbẹ́ agbébọn tó ń jà fún òmìnira àwọn Basque níbẹ̀, ló ṣe é, irọ́ sì ni. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ìdìbò, ẹgbẹ́ wọn sì fìdí rẹmi. Ẹ̀rù kan náà, èsì méjì.

Sọ́jà Àtijọ́: Ẹ fi Sípéènì sílẹ̀. Oṣù Kẹrin 2022, ilé aṣòfin àgbà l'Abùjá fọwọ́ sí àbá òfin pé ẹni tó bá san owó ìtúsílẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 15. Èmi fara mọ́ ọn! Owó yẹn ni wọ́n fi ń ra ìbọn tí wọ́n fi ń pa wá. Ẹ lọ bi èèyàn ọgọ́rùn-ún l'Adó, èyí tó pọ̀ jù á gbà pẹ̀lú mi.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Ọjà Ọba: Bọ̀dá Sọ́jà, ẹ bá mi bi àwọn ìyá ọmọ Èmùré. Kẹ́ ẹ bi wọ́n láàárín ọjọ́ tọ́mọ wọn fi wà nínú igbó o, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti dé.

Sọ́jà Àtijọ́: Màmá, mi ò lè bá yín jà lórí ìyẹn.

Tíṣà Fẹ̀yìntì: Ó dáa, mo gbà pé wọ́n á fi nǹkan pamọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi nínú jùlọ ni bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Bi èèyàn pé, "Ṣé ẹ fẹ́ ọlọ́pàá tó gbọ́ èdè yín, tó mọ igbó yín?" Á ní bẹ́ẹ̀ ni kó o tó pa ẹnu dé. Wá bi í pé, "Ṣé ẹ fẹ́ kí gómìnà ní ọlọ́pàá tirẹ̀?" Á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kan náà ni ìbéèrè méjèèjì ń sọ o! Ẹni tó bá fẹ́ èsì kan á kàn mú ìbéèrè tó bá a mu.

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó: Nígbà tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2020, ta ló ṣe ìwádìí kankan? A ṣáà gbà á tayọ̀tayọ̀.

Ọmọ Ìkọ̀lé: Àwa tí a ń lọ sóko la gbà á tayọ̀tayọ̀. Ìyá wa, ọmọkùnrin oníbàtà yẹn ńkọ́? Ṣé ó tún padà wá?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Ọjà Ọba: Ó padà wá. Baálẹ̀ ló mú un wá lọ́tẹ̀ yìí. Àbúrò mi sọ iye owó náà fún un, kọ́bọ̀ ò yẹ̀. Ìbéèrè tó kàn lórí ẹ̀rọ ni pé ṣé wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí. Àbúrò mi ní kó kọ́kọ́ jókòó ná.