Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ní Sátidé tó kọjá, aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tí àbúrò mi kan ti wà ní Victoria Island, tó wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ wọn sí láyà. Wọ́n ní ìrìn ìlera ni, wọ́n sì ní àwọn máa kọ orúkọ ẹni tí kò bá wá. Mówè ni ọmọ yìí ń gbé. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Jímọ̀ọ̀ ló kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù kó tó délé, aago mẹ́rin ló tún ti wà létí títì. Nígbà tó sọ fún mi, inú bí mi débi pé oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu.

Àwọn àgbà ló ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó fẹ́ dára lójú agbo, inú yàrá rẹ̀ ló ti ń múra. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló kun ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́dà lọ́dún tó kọjá, tó pín ìwé àti báàgì fún àwọn ọmọ, tí ọ̀gá àgbà sì dúró láàárín wọn ya fọ́tò. Oore ni, n kò bẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi kun ilé náà, àwọn ọmọ tiwọn sì wà nílé tí wọn ò tíì fojú kan ìyá wọn dáadáa láti ọjọ́ Ajé.

Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé ohun tó ń ṣe irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní burnout lédè Gẹ̀ẹ́sì: okun a tán nínú èèyàn, iṣẹ́ tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ a sú u, apá rẹ̀ ò sì ní í ká a mọ́. Wọn ò pè é ní àrùn. Wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó ló ń fà á. Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ ló ti wá, kí ni ìrìn ọjọ́ Sátidé fẹ́ ṣe sí i? Àjọ náà àti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé tún sọ lọ́dún 2021 pé iṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fa ikú èèyàn 745,000 lọ́dún 2016, rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn ló pa wọ́n. Ẹ ka wákàtí àbúrò mi wò, ẹ má tíì ka ti orí afárá Third Mainland mọ́ ọn.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, bọ̀dá kan wà tó ń bá wa ṣe ìṣirò owó. Bó bá lọ sí líìfù, kò sí ọjọ́ tí wọn ò ní í pè é. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ọjọ́ta, ó dúró síbi tí ọkọ̀ pọ̀ sí, kò rántí èyí tó ń lọ sílé rẹ̀ mọ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n gbà dípò rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ń jókòó di òru, ó ń wá fáìlì kiri. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo rí igbá náà lórí rẹ̀.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà wà nílẹ̀: ọjọ́ ìsinmi kan gbáko láàárín ọjọ́ méje, ó kéré tán líìfù ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó lẹ́yìn oṣù 12. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí òfin là kalẹ̀ náà, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ tún ń bù níbẹ̀! Ẹ fi owó ẹ̀wù funfun yẹn gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá wà ní líìfù, ẹ má pè é. Ẹ yé fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp laago mẹ́wàá alẹ́, kí ẹ tún máa wò ó bóyá wọ́n ti kà á. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, ẹ ò sì ní í gbà kí ẹnikẹ́ni lo ọmọ tiyín bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tún pe ìrìn ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ kọ orúkọ àbúrò mi sílẹ̀. Oorun ló máa sùn.